Háàdì Tí Mo Fà Yọ, Tí Mo Sì Dẹ̀bi Rẹ̀ Ru Yín

Bàbá mi, ẹni iyì mi,

Kí Ọlọ́hun tẹ́ sàréè yín sí rere. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá wa ti ń jẹun dáadáa, orúnkún tó ń dùn wọ́n sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Tuntun kò tì. Mo ti kun ògiri rẹ̀, mo sì ti ká kọ́tìnnì pupa tí ẹ máa ń ya àwọn ìyàwó níwájú rẹ̀ kúrò, nítorí eku ti jẹ ẹ́ débi pé kò ṣe é wò mọ́. Ẹ má bínú. Kì í ṣe torí kọ́tìnnì ni mo ṣe ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí: bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bá wúwo, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé.

Ẹ rántí háàdì-díráìfù dúdú tí ẹ máa ń fi aṣọ ìnura wé. Gbogbo fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó parí Àlùkùránì, tí ẹ ti ń yà bọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, inú rẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn tó kù tó ń ya fídíò lọ́jà a máa pa nǹkan oníbàárà rẹ́ tí wọ́n bá ti gbé e fún un tán. Ẹ̀yin kì í pa tẹnikẹ́ni rẹ́. Àmánà, ohun tí wọ́n fún yín ṣọ́, ló jẹ́ lójú yín.

Bí ẹ bá wá fẹ́ yọ háàdì náà lára kọ̀ǹpútà, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ máa ń mú mi bínú. Ẹ ó kọ́kọ́ ti gbogbo ohun tó ṣí lójú rẹ̀. Ẹ ó lọ sí igun ìsàlẹ̀, ẹ ó tẹ àwòrán kékeré ibẹ̀, ẹ ó ní kó tú háàdì sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá fèsì pé òun ṣì ń lò ó, ẹ kò ní bá a jà. Ẹ ó dúró, ẹ ó tún bẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ó kúkú pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé háàdì lórí, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, títí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Ìgbà náà lẹ ó tó fa wáyà rẹ̀. Oníbàárà á ti máa mí kanlẹ̀. Èmi á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú. Kí ló dé tí n kò fi kọ́ sùúrù yẹn lára yín, èmi tó kọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ pàápàá?

Háàdì náà ti darúgbó, ó ti ń dún kẹ-kẹ-kẹ, mo bá ra tuntun. Ẹ̀dà ló yẹ kí n ṣe, kí ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi, mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́ lọ sínú tuntun. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní GRA ti ń fun fèrè níta. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ní òun ti parí, mo fa wáyà háàdì tuntun náà yọ. N kò tẹ nǹkan kan, n kò dúró, iná ara háàdì sì ṣì ń ṣẹ́jú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kọ̀ǹpútà a máa ní òun ti parí nígbà tí ìyókù iṣẹ́ ṣì kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé tí mo fi í padà, kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó ń bèèrè bóyá kí òun pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ fún mi. Mo gbé háàdì méjèèjì lọ bá ẹni tó ń tún wọn ṣe. Ó rí púpọ̀ yọ, kò rí gbogbo rẹ̀. Wòlímọ̀ tí ẹ yà fún Sàlámátù nígbà tó parí Àlùkùránì wà lára ohun tó lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn yín ni Sàlámátù náà kú, Bàbá. Bóyá ẹ ti ríra. Ìyá rẹ̀ tó ń ta iṣu létí títì ní Òkè-Oyì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n so fúláàṣì tí wọ́n fẹ́ kí n kó fídíò náà sí mọ́ etí ìró. Sídíì tí ẹ fún wọn nígbà náà ti họ, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n tún gbọ́ ohùn ọmọ wọn bó ṣe ń ké Àlùkùránì lọ́jọ́ náà. Wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ.

Mo wo ojú wọn, mo sì ní ẹ̀yin lẹ ṣèèṣì pa á rẹ́. Mo ní ojú yín kò ríran dáadáa mọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ lọ. Mo mọ̀ kí n tó lanu pé òkú kì í jiyàn.

Wọn kò bá mi jà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Mo yọ̀ǹda fún bàbá ẹ o. Ọlọ́hun má fi bi wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n.”

Èmi náà sì ṣe àmín. Ẹnu mi ni mo fi ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun sí yín lára, lèmọ́mù bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tí àmánà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kó jáde tàbí kó yọ̀ǹda. Ẹnìkan kò jáde. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, àní nínú ẹkún. Ẹ lọ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, èmi ọmọ tí ẹ bí ló wá jẹ gbèsè lé yín lórí nínú sàréè. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ń rìn. Oníbàárà yín kan ti wá bi mí bóyá ẹ̀yin ba tòun náà jẹ́.

Ìyẹn ló gbé mi dìde. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Oyì, mo kúnlẹ̀ níwájú òkìtì iṣu, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: háàdì, ìkánjú, irọ́. Wọ́n ń to iṣu lọ. Wọn kò ní kí n dìde, wọn kò ní kí n jókòó. Wọ́n gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀.

“Èyí tí mo yọ̀ǹda fún bàbá ẹ, mi ò gbà á padà. Ó wà fún wọn. Tìẹ ni mi ò tíì rí nínú mi. Máa lọ ilé.”

Mo wá sílé. N kò bá wọn wí, Bàbá. Ó kéré tán, wọ́n jẹ́ kí n mọ ibi tí mo dúró sí. Wọ́n lè rí tèmi nínú wọn lọ́la, kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo purọ́ mọ́. Ẹ̀yin, ta lẹ ó rán sí mi?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì lè wo àwòrán yín lójú.