Ẹja Ìsọmọlórúkọ Nínú Omi Akínfẹ́mi

                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 2217,
                                        Ogida,
                                        Ìlú Benin,
                                        Ìpínlẹ̀ Edo.
                                        20 Oṣù Kẹfà, 2006.

Yéwándé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ní Ìjẹ̀bú ńkọ́, ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. O mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Láti ìgbà tí bánkì ti dá Akínfẹ́mi ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ohun tó ń gbé e dìde lórí àga àfi àwọn ẹja inú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi àwọ̀n kó wọn nínú odò kan lọ́nà Ekenwan Road. Ẹja náà kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó rí bí ewé gbígbẹ, á doríkodò sójú kan, kò ní mira. Bí ẹja wẹ́wẹ́ bá ṣèèṣì kọjá níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yọ síta bí apá ẹ̀wù, ó parí nìyẹn. Mo máa ń bi ọkọ mi pé ṣé ẹja ló ń sìn ni àbí ewé. Á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi náà á ní ohun tí a bá fi falẹ̀ ńkọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja yìí yé. Abo lẹ ẹyin mọ́ abẹ́ ewé kan lójú omi, akọ sì dúró tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Yéwándé, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan wà fún un ní Èkó, díẹ̀ ló kù kó má lọ mọ́ nítorí ẹyin. Èmi ni mo tì í wọ ọkọ̀, mo ní mo máa ṣọ́ wọn. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi, pé bí ewé yẹn bá mì jù, ẹyin á já bọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ògúnwálé àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ nílé wa. Mo ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀: oyin, iyọ̀, obì, orógbó. Mo wá béèrè ẹja àrọ̀ tí Màmá ọkọ mi gbé wá láàyè lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ní àwọn rí omi nínú gíláàsì, àwọn sì jù ú síbẹ̀ kó má baà kú.

Mo sáré lọ sí pálọ̀. Àrọ̀ gígùn bí apá mi wà nísàlẹ̀, ó ń fi irùngbọ̀n tú ilẹ̀ kiri. Abo ò sí mọ́, àrọ̀ ti gbé e mì. Akọ ṣì wà lábẹ́ ewé. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ omi, á dàrú. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, àrọ̀ á jẹ akọ, á tún jẹ ẹyin. Mo bá rántí pé àrọ̀ ò lè ṣe kó má gòkè wá mí. Mo rọra ti asẹ́ ńlá bọ igun omi kan, mo dúró.

Àlejò ti pé sábẹ́ àtíbàbà. Bàbá Títíloyè, alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ náà, yọjú wọlé.

“Ìyàwó wa, ìwọ tí o ń fi aago lé wa káàkiri ìpàdé, ìwọ náà lo dá wa dúró lónìí?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹja ò tíì mí.”

Wọ́n wò mí, wọ́n rọra jáde.

Àrọ̀ gòkè, ó súnmọ́ ewé jù, n kò lè ṣe nǹkan kan. Ó tún gòkè, akọ kékeré yẹn kọjú sí i, kò yà. Ìgbà tó tún máa yọ, orí asẹ́ ló yọ sí, mo kàn gbé e sókè ni. Ewé mì. Kò dojú dé.

Wọ́n fi àrọ̀ súre fún ọmọ pé orí ni ẹja fi ń la ibú já. Olúwapẹ̀lúmi ni wọ́n sọ ọ́. N kò fẹnu kan ọbẹ̀ ẹja yẹn.

Akínfẹ́mi dé nírọ̀lẹ́. Ó ní àwọn ará Èkó sọ pé àwọn á pe òun fún iṣẹ́ náà. Kò tíì jókòó tó fi béèrè abo. Màmá lanu, mo fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ wọn, mo ní, “Èmi ni mo ju àrọ̀ síbẹ̀. Mo ń kánjú.”

Ó gbà á kíá, torí ó jọ mí. Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀, àfi àná tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í pa, tó ní kí n wá wò wọ́n. Màmá ló ń bá mi bẹ̀ ẹ́, wọn ò sì lè wo ojú mi.

Bá mi kí baálé rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì kí Ìyá wa. Akínfẹ́mi á pè ọ́ láti fẹjọ́ mi sùn. Jọ̀ọ́, bá mi wí dáadáa níwájú rẹ̀. Ìyá kan ṣoṣo ló ní. Ìyàwó tó ń kánjú ti mọ́ ọn lára.

Tìrẹ ni mo jẹ́ síbẹ̀,

Morọ́láyọ̀.