Ìbéèrè Mẹ́ta Lẹ́yìn Ìwé Ọkọ̀ Òfurufú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, bíríkìlà tí kì í gbà kí ògiri wọ́,

Òjò tún wọ yàrá wa ní Addo láàárọ̀ yìí. A gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù bí ẹ ṣe máa ń ṣe, Màámi sì ń fi abọ́ gbọ́n omi síta. Ká ní ẹ wà láyé ni, ọ̀rọ̀ Àbújá ni ẹ̀ bá máa sọ báyìí.

Ẹ fẹ́ràn ìlú tí ẹ ò dé rí yẹn ju abúlé yín lọ. Ẹ kọ́ ilé olówó káàkiri Lẹ́kí, ilé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ wọ géètì rẹ̀ mọ́ tó bá ti parí. Èyí kò dùn yín tó ti gọ́tà. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ilé ló ń ṣáájú, omi á wá máa wá ibi tí yóò gbà. Àbújá ní tirẹ̀, wọ́n ti yà á sórí ìwé kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀, àfi bíi pé ọ̀run lẹ ń ròyìn. Mo ṣèlérí pé tí mo bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́ mi ní Oníru, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa lọ. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e.

Bàbá, mo purọ́ fún yín.

Ìgbà tí mo sọ pé ọ́fíìsì rán mi lọ sí Ìbàdàn, Àbújá ni mo lọ. Ojú ló tì mí láti sọ pé mo ṣáájú yín débẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni, inú gbọ̀ngàn ìpàdé ni mo sì wà títí mo fi padà. Nígbà tí mo dé, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, mo sì ń ka kòtò ọ̀nà Ìbàdàn fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kòtò tí mi ò fojú rí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì gbé oúnjẹ fún mi.

Mo gbàgbé àṣà yín ọjọ́ Sátidé. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sùtánà funfun yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń lọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ìsìn ọjọ́ Àìkú, tí áyọ́ọ̀nù bá sì ti gbóná, ẹ ó bá gbogbo wa lọ tiwa mọ́ ọn. Ẹ sì máa ń tú àpò aṣọ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo ṣí báàgì irinṣẹ́ yín. Okùn tí ẹ fi ń wo ìlà ògiri wà níbẹ̀, ẹ wé e mọ́ pélébé ìwé kan. Ìwé tí mo fi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Àbújá ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti fi pẹ́ńsùlù tó máa ń wà létí yín kọ ọ́ pé:

Ṣé títì wọn tọ́?
Ṣé omi ń rí ọ̀nà lọ?
Ta ló bá a lọ?

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Oṣù mélòó lẹ fi dúró dè mí kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ìsinmi, mo padà lọ. Títì tọ́, Bàbá. Ó fẹ̀, ó sì tọ́ bí okùn yín. Nígbà tí òjò rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, mo ń wo omi. Onítakisí kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dúró tì mí: "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé fóònù yín ló jábọ́ síbẹ̀ ni?" Ẹ̀rín ìbá pa yín. Láàárín ìlú, omi ń rí ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ yín ń gbé, bí Addo náà ló rí. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́.

Ìbéèrè kẹta ni mo ti ń sá fún látàárọ̀. Mo gbé okùn yín lé àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n okùn kì í ṣe bàbá. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó bá mi lọ. Èmi nìkan ni, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó yẹ kó mú yín dání.