Ìlà Kékeré Tí Ẹ Fojú Fò Dá

Bàbá mi, ọ̀mọ̀wé ọjà Missèbo,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́run níbi tí ẹ wà, nítorí náà mo fi ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kí yín. Ara gbogbo wa le ní Agblangandan. Màmá ti ń sanra, kò sì fẹ́ ká sọ ọ́.

Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yín ṣì wà. Èmi ni mo ń kọ́ wọn báyìí, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù Àlájà tó ń ta òkìrìkà. Gbogbo wọn ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n á fi bá àwọn oníbàárà Èkó àti Gánà dúnàádúrà ni wọ́n sì ń wá. Ìwé àjákọ yín ni mo ń lò. Ibi tí ẹ ti ń nu ọwọ́ oníṣọ́ọ̀kì yín ṣì funfun lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí Màmá ṣe máa ń bínú nítorí èyí tí ẹ ń nù mọ́ ṣòkòtò yín?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé ìlà kékeré tí àwọn Òyìnbó ń fà sáàárín àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bàbá, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. “Resign” ni kéèyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. “Re-sign” ni kó tún tọwọ́ bọ̀wé kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá “recover” ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, àmọ́ àga tí aṣọ rẹ̀ ti gbó la máa ń “re-cover”. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Tí a bá dé ojú ìwé yẹn, ṣe ni mo máa ń ṣí i kọjá.

Ojú ń tì mí láti tú àṣìṣe yín síta níwájú àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì yín yangàn. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á rò pé mo ti sọ ara mi di ọ̀gá yín, tí wọn ò sì ní wá mọ́. Tí kíláàsì yẹn bá tú, kí ló kù tí mo lè tọ́ka sí pé bàbá mi ló dá a sílẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọkàn le. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pátákó, mo sì sọ fún wọn pé ẹ ṣì í. Àlájà dìde, mo rò pé ilé ló ń lọ. Àga yín, tí mi ò jókòó lé rí, ló lọ gbé wá láti ẹ̀yìn ìdì aṣọ.

“Jókòó, ọmọ Tíṣà. Ẹni tó bá mú Tíṣà lórí àṣìṣe ló ni àga títí kíláàsì ọjọ́ yẹn á fi parí. Àbí òfin náà kú ni?”

Àṣé gbogbo wọn ló ti jókòó níbẹ̀ rí, tí ẹ̀yin á wá lọ jókòó sórí ìdì aṣọ bí akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Nílé, ẹ kì í gbà pé ẹ ṣi nǹkan kan. Mo jókòó, omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, Àlájà gan-an ni olórí wọn.

Mi ò pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Mo fi bírò pupa kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó máa mú èmi náà. Àárò yín ń sọ mí, Bàbá, àmọ́ inú mi dùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mú yín, tó sì fẹ́ràn yín dé ibi tí ẹ wà.