Ọmọ Mi Kì í Bá Àgbàlagbà Sọ̀rọ̀ Mọ́

Èmi ni mo pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́, ìyá ọkọ mi ló sì ń jìyà ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí n kò tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, tíṣà ni mí ní Òkìtìpupa, ọmọ Ìkọ̀yà sì ni ọkọ mi. Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Nígbà tí mo bí Bọ́lá (kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an), mo ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, màmá ọkọ mi bá ní kí n gbé ọmọ wá, àwọn á bá mi wò ó. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ ló lò lọ́dọ̀ wọn ní Ìkọ̀yà... wọ́n jọ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo, wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́. "Ọma mi" ni màmá máa ń pè é. Ọmọ yẹn gbọ́ Ìkálẹ̀, èdè wọn níbẹ̀, dénú, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọdé ní Ìkálẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pe àgbà, kò sí "ẹ" àpọ́nlé bíi ti àwa ará Ọ̀yọ́. "Wo" ni fún ọmọ, "wo" náà ni fún bàbá. Kì í ṣe àfojúdi, bí èdè wọn ṣe rí nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n... àbí n kò mọ̀ ọ́n ni? Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé láàárín wọn? Mo mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí mo mú un padà wálé tí màmá tèmi wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Bọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún wọn, ó wá ń bi wọ́n ní Ìkálẹ̀ bóyá wọ́n á mu ún, "wo" ló sì pè wọ́n. Màmá mi ò gba omi. Wọ́n ní ṣé bí mo ṣe ń tọ́ ọmọ nìyí, pé ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ojú tì mí gan-an. Mo gbá ọmọ náà lẹ́nu, omi dà sí i láyà, ó kàn ń wò mí... kò mọ ohun tó ṣe.

Ìgbà yẹn náà ni àwa tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, mo ní kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á ti tọ́. Bó bá ti pe àgbà ní "wo", màá fi rúlà gbá a lẹ́nu. Kì í dùn ún... irọ́ ni, ó máa ń dùn ún. Ọmọ náà gbìyànjú o. Á pè mí ní "ẹ", á tún pe adìyẹ ní "ẹ", tó bá yá á tún gbàgbé. Nígbà tó ṣe, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ó ti gbọ́n ni, mo tiẹ̀ yìn ín.

Oṣù mẹ́rìnlá rèé. Tíṣà ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ní kò dáhùn "present" rí. Dókítà yẹ etí wò, ó yẹ ahọ́n wò, kò rí nǹkan kan. Ọkọ mi gbé e lọ síbi àdúrà, wòlíì ní ọwọ́ kan nílé bàbá ẹ̀ ló de ahọ́n ọmọ náà. Màmá ọkọ mi ló sì tọ́ ọ... Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Màmá gbé pupurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, wá fún wa lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ mi dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń béèrè ohun táwọn ṣe. Inú yàrá ni mo wà, mò ń máàkì ìwé, n kò jáde. N kò sunkún. Ara mi kàn dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó kú, títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Òun àtàwọn ọmọ alábàágbé wa ni, ó ń sọ̀rọ̀ wààrà, ó ń pàṣẹ fún wọn, "ìwọ jókòó, ìwọ dìde". Ọmọdé ni gbogbo wọn, kò sí àgbà kankan tó máa ṣì pè níbẹ̀. Mo yọ sí wọn, ó dákẹ́. Dókítà ò rí i, wòlíì ò rí i, èmi rí i.

Lánàá mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Mo ní kó pè mí bó ṣe wù ú, kó pè mí ní "wo", n kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ọkọ mi ti pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde ní Ìkọ̀yà, pé kí màmá wá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún. Èmi ni ọkọ mi ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, kí n sọ bí ọmọ ṣe yadi lẹ́yìn tó ti ọ̀dọ̀ màmá dé. Bí mo bá sọ òtítọ́, ṣé ọkọ mi á gbà mí sílé mọ́, nígbà tó jẹ́ pé èdè ìyá ẹ̀ ni mo fi rúlà lé kúrò lẹ́nu ọmọ ẹ̀? Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di ọdún o. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀ nínú wọn, ọkọ mi ni, àbí màmá, àbí ọmọ tí kò lè dá mi lóhùn?