Ẹran Tí Mo Gbé Wọ Ilé Ìdáná Wọn

Dámilárá, ìyàwó mi,

Mo ti lọ sí Ìyànà Ìbá. Gbé ọbẹ̀ kaná kí o tó jẹun.

Ọ̀rọ̀ àná ò tíì yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o máa mú mi jáde nìyẹn. Nílé oúnjẹ tuntun àwọn ará Kòríà yẹn, wọ́n gbé ẹran tútù àti iná síwájú wa, mo rò pé alásè wọn ò wá ni. Mo bá gbé ẹran náà wọ ilé ìdáná wọn, mo fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, orí tábìlì yín lẹ ti máa sun ún!"

Ìwọ fọwọ́ bojú, èjìká rẹ ń gbọ̀n, o ò sì sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ṣé ẹ̀rín lò ń rín ni, àbí ẹkún lò ń sun? Kọ èsì sísàlẹ̀ ibí. Jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí n lè dá a kà.

Èmi ìyá ọkọ rẹ.