Ìyá Alísì Kúnlẹ̀ ní Queens Village

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì 2025

Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kú. Kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Mo gbé búlẹ́tìnì ọjọ́ Àìkú lọ sí láíbìrì, mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀. Danielle tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ — ọmọ Haiti ni, Auntie ló máa ń pè mí — fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ń wá fíìmù kékeré lórí obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní Queens rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní Danielle, Yorùbá ni wá o. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn gan-an tí òun fi fẹ́ wò ó.

Ó yá mi ní ìwé kan. Ó ní kí n lọ kà á.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Màmá arúgbó tí mo ń tọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí tíì àárọ̀ mu. Ìwé Danielle ló fà á.

Alice Guy. Ọmọ Faransé. Ìyá Alísì ni mo sọ ọ́. Akọ̀wé ni — akọ̀wé bíi tèmi! — ní ilé iṣẹ́ tó ń ta kámẹ́rà ní Paris, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ohun tí wọ́n ń yà nígbà náà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá Alísì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi í sọ ìtàn. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá gbà, àmọ́ kí lẹ́tà má falẹ̀ nítorí rẹ̀. Bó ṣe di olùdarí fíìmù nìyẹn, nígbà tí kò sí obìnrin mìíràn nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá ó wá sí Amẹ́ríkà, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Flushing. Flushing níbí, tí mo ti ń ra ẹja!

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù ló ṣe. Nígbà tí àwọn tó ń kọ ìtàn wá jókòó, wọ́n gbàgbé rẹ̀, wọ́n gbé òmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún ọkùnrin. Ó darúgbó, ó ń wá fíìmù rẹ̀ kiri, kò rí i. Inú bí mi nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni pé ìyá tó bí mi ni wọ́n fi ṣe é.

Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá Bírò Pupa. Baba Adédàpọ̀ ni, alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, kò sí búlẹ́tìnì tí mo tẹ̀ tí wọn ò fi bírò pupa sàmì sí. Kódà ọjọ́ tí kò sí àṣìṣe, wọ́n fa ìlà sábẹ́ orúkọ Ọlọ́run.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kò burú, kí búlẹ́tìnì sáà má falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá Paris gan-an! Mo di ẹ̀rín mọ́nú. Mo ní ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa ṣe ọ̀gá náà nínú fíìmù. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe òṣèré. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń béèrè irú kóòtù tí ọ̀gá náà máa ń wọ̀.

Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

A bẹ̀rẹ̀. Susan ni Ìyá Alísì: nọ́ọ̀sì ni, kwáyà ló wà, ojú rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Kànmí tó ń ya fídíò ìgbéyàwó káàkiri Bronx ló di kámẹ́rà mú. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mo ń pariwo. Ìran kan ṣoṣo ni: akọ̀wé wọlé, ó béèrè, ọ̀gá gbà. Kí ló le níbẹ̀?

Susan wọlé — ó kúnlẹ̀. Mo ní Susan, Faransé ni ọ́, wọn kì í kúnlẹ̀. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì — ó kúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ó rántí, ó dúró gbọnin. Baba wá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó yájú, ni orúnkún bá yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà fún ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, Baba gbàgbé ara wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nínú fíìmù tí kò ní ohùn! Ẹnu Baba ń lọ bí ẹ̀rọ ìlọta. Susan ń ṣe àmín.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ tó báyìí, ṣebí Brooklyn ni wọ́n bí i sí.

"Auntie, it's my mum," ló wí. "Tí mi ò bá kúnlẹ̀, she won't answer me. My knees just go."

Ìgbà mọ́kànlá la yà á. Kò sí ọ̀kan tó ṣeé lò.

Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Búlẹ́tìnì falẹ̀. Mi ò ní kọ ohun tí Baba sọ síhìn-ín.

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ìwé Danielle sọ pé Ìyá Alísì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kí àwọn òṣèré ṣe bí wọ́n ti ń ṣe gan-an, kí wọ́n má ṣe àṣejù. Mo kọ tèmi sí pátákó àwọn ọmọ Sunday School: ẸNIKẸ́NI MÁ ṢERÉ. Wọ́n kà á, wọ́n jókòó, wọn ò ṣe nǹkan kan mọ́. Baba ní kí wá ni a kóra jọ fún.

Mo ronú díẹ̀. Ṣé bí a ti ń ṣe gan-an kọ́ ni kíkúnlẹ̀? Mo ní Susan, ó dáa, kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kí o tó la ẹnu, dìde fúnra rẹ, má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kí o dìde. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Baba ló wá kù. Wọn kò yé wo kámẹ́rà, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Mo fi ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀keje, mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta.

"Baba, ẹ yé wo kámẹ́rà!"

Mo ti jágbe mọ́ alága ìgbìmọ̀ nínú ilé Olúwa. Baba wo Susan tó dúró níwájú wọn, ojú wọn là rekete, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn akọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán — obìnrin bíi tèmi, dọ̀bálẹ̀ — kí n tó rántí pé kíkúnlẹ̀ ni tiwa. Mo bẹ̀bẹ̀ títí.

Kànmí kò pa kámẹ́rà. Ó ní òun ti rí i mú.

Ẹtì, 7 Máàṣì

Ilé Kànmí ní Mount Hope, ní Bronx. Ó ti gé e, ó ti tò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Susan kúnlẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó béèrè. Ojú ọ̀gá là. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì sí ohun tí kò yé mi. Mo sunkún lórí àga Kànmí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èmi ni mo ṣe èyí.

Ajé, 10 Máàṣì

Mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù láíbìrì lórí kọ̀ǹpútà, mo fi í ránṣẹ́. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kànmí, kó lè kọ orúkọ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Baba, nítorí ẹ̀dà wọn kì í gbẹ́yìn. Mo se ẹ̀wà.

Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Kí ni mo ṣe?

Mo ń fún Màmá ní ògì ni mo rántí. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè olùdarí, mo kọ Alàgbà Adédàpọ̀. Èmi! Ìka ara mi! Ohunkóhun tí ìjọ wa bá ṣe, àgbà là ń kọ síwájú: ìkórè, òrùlé tuntun, oúnjẹ àwọn ọmọdé, "lábẹ́ ìdarí Alàgbà Adédàpọ̀". Alàgbà lè máa sùn nílé wọn lọ́jọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ìka mi kì í bi mí léèrè mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ Ìyá Alísì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo di tèmi lẹ́rù, tí mo tún gbé e dé ilé fún ẹni tí kò bèèrè.

Mo pe Danielle. Ó ní kò le, wọ́n lè yí i padà títí di ọjọ́ Ẹtì, kí n ṣáà kọ̀wé. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Baba. Wọ́n ti gbé e sórí WhatsApp wọn: Film Director, By His Grace.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Mo lọ sílé wọn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ mi sínú bí ọmọ ilé ìwé. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Baba súre fún mi, àdúrà náà gùn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ní Houston ti pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní, "Daddy, so you're now a director." Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, ó máa ń tó oṣù kan kí ọmọ náà tó pe àwọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo bá wọn ka lẹ́tà insurance wọn. Mo bá wọn fèsì rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin. Mo dúpẹ́, mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé.

Ẹtì, 14 Máàṣì

Aago márùn-ún ti lù. Mi ò yí i padà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò tilẹ̀ pọ́n.

Àìkú, 23 Máàṣì

Nínú búlẹ́tìnì òní: "Fíìmù tí Alàgbà Adédàpọ̀ darí." Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Baba ti fi bírò pupa fi "pẹ̀lú ọgbọ́n Ọlọ́run" kún un. Susan gbé e wá bá mi ní kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní èmi ni mo darí fíìmù yìí, kí ni orúkọ Baba ń wá níbẹ̀? Mo ní bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ta ni "a" yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́.

Inú ń bí mi sí Baba. Inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ orúkọ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ó kéré tán ìwé yìí mọ̀.

Àbámẹ́ta, 29 Máàṣì

Láíbìrì kún. Àwọn ará ìjọ wa gba ìlà méjì, àwọn aládùúgbò ló kún ìyókù. Fíìmù wa ló gbẹ́yìn. Orúkọ Baba yọ gbàǹgbà níwájú gbogbo wa, mo wo bàtà mi. Àmọ́ nígbà tí Susan dìde lórí orúnkún rẹ̀, obìnrin kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, nígbà tí ojú ọ̀gá sì là, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbàgbé bàtà.

Danielle pe olùdarí jáde. Baba dìde nínú kóòtù tuntun, wọ́n gba máìkì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ láíbìrì. Ìyá onírun funfun kan wá bèèrè pé báwo ni olùdarí ṣe rí irú ojú yẹn gbà lára ọ̀gá.

Baba wúkọ́. Wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n yíjú sí mi lórí ìjókòó, wọ́n fi Yorùbá bi mí, máìkì ṣì wà lẹ́nu wọn: "Doyin, kí ló ṣe ojú mi lọ́jọ́ náà?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà ní New York. Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

"Mo jágbe mọ́ yín ni, sà."

Ọgbọ̀n ọdún ni Baba fi ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníwàásù tó ń ti ilé wá. Ẹnu wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Wọ́n kọjú sí èrò, wọ́n ní mo ní mo jágbe mọ́ àwọn. Ilé tún hó. Ẹlòmíràn bèèrè ìdí tí obìnrin náà fi kúnlẹ̀. Baba tún wò mí. Mo ní ọmọ Faransé ni Ìyá Alísì, àmọ́ àwa kọ́ ni Faransé. A lè bọ̀wọ̀ fún àgbà tán ká sì dìde sọ ohun tó wà nínú wa. Baba túmọ̀ rẹ̀, ó sì dùn ju bí mo ti sọ ọ́ lọ, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ kún un. Nígbà tó di ìbéèrè kẹrin, kò sẹ́ni tó ń wojú Baba mọ́. Èmi ni wọ́n ń bi. Baba juwọ́ sí mi pé kí n bọ́ síwájú, wọ́n ní oníwàásù kì í wàásù lórí bẹ́ńṣì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Danielle wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé ta gan-an ló darí fíìmù yìí. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò wò wá.

Mo ronú kan ọmọ Baba ní Houston.

"Èmi ni," ni mo wí.

Baba gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Mi ò rí i rí kí gbólóhùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún èrò pé mo ní èmi ni. Àwọn ènìyàn fẹ́ pàtẹ́wọ́, Baba gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró. Mo wò wọ́n. Mi ò sọ nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ túmọ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni Baba wí. "Orúkọ mi ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Gbogbo ilé ń wò wá, wọ́n ń dúró de ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì ti ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó ń wá áńkáṣíìfù. Mo gba máìkì lọ́wọ́ wọn, mo túmọ̀ rẹ̀.