Iṣẹ́ Tí Ketill Ń Ṣe

Steinunn, ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Reykjavík lọ́hùn-ún, ṣé ẹsẹ̀ ń móoru? Ẹni tí kò jẹ́ kí òkun gun òkè wá bá wa nínú ilé, òun náà ni yóò dá ibi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Oddný ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà ń kí ọ, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú ilé yìí báyìí. Àgbò wa olóríkunkun ti kú, a sì ti ń jẹ ẹ́. Ó le bí ìwà rẹ̀.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi gbé e nígbà tí o pè. Ogójì ọdún ni mo fi tún kọ́ńpáàsì ọkọ̀ ojú omi ṣe, n kì í sì í gba ohunkóhun wọlé láìdán an wò. Mo gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì mi, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò ní àríwá, ó kọjú sí fóònù. Ohun tó lè mú abẹ́rẹ́ purọ́ yóò mú ènìyàn purọ́. Mo ti gbé e lọ sí ilé àgùntàn, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń lọ sí òkun. Ó ń dún níbẹ̀ dáadáa, àwọn àgùntàn kò sì ráhùn.

Ọ̀rọ̀ Ketill ẹ̀gbọ́n rẹ ló mú mi kọ̀wé. O kò tíì dáyé nígbà náà, ẹnu ará ìlú lo sì ti gbọ́ ọ, nítorí náà jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí. Ọjọ́ tí a kó àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni, gbogbo ìlú wà nínú ọgbà tí a ti ń ṣà wọ́n. Ẹgbàá àgùntàn la yẹ àmì etí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ni wọ́n. Ọ̀kan kò dín. Ìgbà tí a jókòó ti kọfí la tó rí i pé Ketill, ọmọ ọdún méje, kò sí láàárín wa. A wá inú odò, a wá inú àpáta, a kò rí bàtà rẹ̀ pàápàá. Aládùúgbò wa ní àwọn ẹni inú àpáta, àwọn iwin tí ojú kì í rí, ló gbé e, àlùfáà ní odò ni, ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ ní àwọn apẹja òkèèrè ni. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta rèé, kálukú ṣì di tirẹ̀ mú bí ẹni pé ogún ni.

Èmi fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tẹlifóònù, sí nọ́ńbà wa. Bí ọmọ bá gbàgbé gbogbo nǹkan, kò ní gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Yóò ṣí ìwé náà, yóò rí ara rẹ̀, yóò sì mọ ibi tó ń gbé. Ìwé náà a máa béèrè iṣẹ́ olúkúlùkù, n kò sì lè jẹ́ kí ó wà ní ọmọ ọdún méje títí ayé. Mo kọ akẹ́kọ̀ọ́, mo kọ atukọ̀, nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún mo fà á wọ iṣẹ́ tèmi.

Àṣé inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà wà báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Hallbera, ọlọ́pàá ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àtijọ́ wò, sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní àwọn ti rí Ketill, ó wà láàyè, kọ́ńpáàsì ló ń tún ṣe, ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Ó bi mí bóyá ó wà nílé. Mo ní kò sí. Ó bi mí ìgbà tí yóò dé. Mo ní ohun tí àwa ń bi ẹ̀yin ọlọ́pàá nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bọ́ fìlà, ó mu ife kọfí méjì. Ó wá ní kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ pé a ti rí i, ẹni tí a ti rí, ìjọba kì í wá a mọ́. A gbọ́dọ̀ yọ orúkọ náà. Mo ní bí a bá yọ ọ́, ibo ni yóò ti rí ara rẹ̀? Ìyá rẹ, tí kò dá sí i láti àárọ̀, gbé ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun sílẹ̀. “Ẹ fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀,” ó ní. “Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí à ń wá ni.”

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kí Hallbera ní sùúrù, nítorí irin wà ní ìbàdí mi láti ilé ìwòsàn, n kò sì fẹ́ purọ́ fún ìjọba.

Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń rí i níbẹ̀ ni tẹlifóònù ara ògiri ti ń dún. Ọkùnrin kan pè láti àríwá, ó ní Ketill kan ń gé ẹja lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ó sanra. Ìyá rẹ ní kò burú, kó sanra. Ó máa ń fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe kí ó tó gbé tẹlifóònù. Hallbera náà ti gbé fáìlì Ketill padà sórí tábìlì rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá króna ránṣẹ́. Àlejò ti mu kọfí wa tán, a sì fẹ́ ra okùn tẹlifóònù gígùn tí yóò dé ibi àga ìyá rẹ, nítorí orúnkún.

Ẹni tó ń wá ọ fún rere yóò rí ọ. Ẹni tó ń wá ọ fún ibi yóò ṣìnà títí yóò fi gbàgbé ohun tó ń wá.

Èmi ni bàbá rẹ, Eyvindur.

Bí o bá fẹ́ pè, ti ara ògiri ni kí o pè, má sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá rẹ kò fẹ́ kí ẹnìkan pè kó bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn.